Ejò Gbé Mílíọ̀nù 36 Náírà Mì: Ta Ló Di Káàdì Kejì Mú?

Bí ènìyàn bá dúró ní oríta Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn awakọ̀ ń pe Dùgbẹ̀, tí wọ́n ń pe Sángo, kò níí pẹ́ tí yóò fi rí ohun tó ń da ìyá ọlọ́jà láàmú láyé òde òní. Oníbàárà á ná ẹja, wọn á fà á síwá fà á sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ á wọ̀, ẹja á wọ inú ọ̀rá. Oníbàárà á wá yọ fóònù: "Ìyá, ẹ pe nọ́ńbà àkáǹtì yín." Ó tẹ̀ ẹ́, ó ní ó ti lọ. Ìyá wo fóònù tirẹ̀, kò rí nǹkan kan. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ní sùúrù díẹ̀, aláàtì ò tíì wọlé." Oníbàárà ní òun ń kánjú, ó ní ẹ wò ó níbí, ó ti yọ lára òun. Ẹja wà lọ́wọ́ ẹnì kan, owó wà lójú sánmà, ọkàn ìyá ò sì sí níbì kan.

Ìyá ẹlẹ́ja yìí kì í ṣe ẹni tó kórìíra ẹ̀rọ o. Fóònù yẹn náà ló fi ń pe àwọn apẹja etí omi Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí wọ́n ti dí odò Ọ̀nà láyé òyìnbó, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì parí lọ́dún 1942. Ọmọdébìnrin tó gbé P.O.S. kalẹ̀ lábẹ́ agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ ìlà báńkì tó máa ń jẹ ìdajì ọjọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kò mọ ẹni tí ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí owó jẹ́ bébà, bó bá ti wọ àpò, ó ti wọ àpò náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n owó inú afẹ́fẹ́ yìí, ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀? Bí báńkì bá ní kò dé, tí oníbàárà ní ó ti lọ, ilé ta lèèyàn máa gbà lọ?

Àwọn alájọ ti dáhùn ìbéèrè yẹn tipẹ́tipẹ́. Ẹni tó bá dá àjọ rí á mọ̀ pé àkọsílẹ̀ méjì ló máa ń wà, ọ̀kan lọ́wọ́ alájọ, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá. Ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lójú káàdì, ọjọ́ kan, ilé kan. Bí ìyá bá ti dá owó òòjọ́, alájọ á fàlà sí tirẹ̀, á fàlà sí ti ìyá. Bí oṣù bá parí, wọn á kó méjèèjì síta, wọn á kà á, alájọ á mú owó ọjọ́ kan, ìyókù di ti olówó. Alájọ lè jẹ́ ọmọlúàbí, ó sì lè jẹ́ ọlọ́ṣà, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí káàdì kejì bá ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí ìyá, irọ́ ò ṣeé pa. Àfi kí ó sá lọ. (Àwọn kan náà sì sá lọ lóòótọ́, kì í ṣe pé ayé ìgbà yẹn mọ́ tó bí àwọn àgbà ṣe máa ń sọ ọ́.)

Gbogbo ariwo tí ìjọba ń pa pé ẹ̀rọ làwọn yóò fi lé àwọn ajẹgbá-owó-ìlú lọ, ọ̀rọ̀ káàdì yìí náà ni. Níbi tí ẹ̀rọ ti di káàdì kejì, olè ké gbàjarè. Níbi tí káàdì méjèèjì sì ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ńṣe ni ẹ̀rọ sọ olè di ọ̀jọ̀gbọ́n.

EJÒ WỌ ILÉ OWÓ

Ẹni tó bí ọmọ tó ṣe ìdánwò JAMB ṣáájú ọdún 2017 kò níí gbàgbé káàdì tí wọ́n máa ń họ. Ọmọ á gba owó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, á lọ ra káàdì, á họ ibi tí wọ́n kùn bò, nọ́ńbà á yọ, òun ni yóò tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Àjọ JAMB á kó káàdì yìí ránṣẹ́ sí àwọn ọ́fíìsì rẹ̀ káàkiri, akọ̀wé á máa tà á, á máa gba owó, á máa kó o pamọ́. Iye tó tà, òun ló mọ̀. Iye tó kù, òun náà ló mọ̀. Káàdì ajọ wà, kò sí ti ìyá.

Ọdún 2016 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé di ọ̀gá àgbà àjọ náà. Nígbà tó di 2017, wọ́n pa káàdì híhọ tì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò á sanwó láti báńkì tàbí lórí ẹ̀rọ, owó á gba ibẹ̀ lọ sí àpò àjọ náà tààrà, nọ́ńbà á sì bọ́ sórí fóònù ọmọ. Kò gba ọwọ́ akọ̀wé kankan. Bí ètò tuntun ṣe wọlé, ó di dandan kí wọ́n ka káàdì àtijọ́ tó ṣẹ́kù. Wọ́n rán àwọn ayẹ̀wéwò jáde sí ìpínlẹ̀ lóríṣiríṣi. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 2018, ìròyìn bẹ́ sílẹ̀ láti Makurdi, ní ìpínlẹ̀ Benue, pé mílíọ̀nù 36 náírà ò sí nílẹ̀. Wọ́n ròyìn pé obìnrin tó ń ta káàdì níbẹ̀ ṣàlàyé fún àwọn ayẹ̀wéwò pé ọmọ ọ̀dọ̀ òun àti òṣìṣẹ́ kan ló lẹ̀dí àpò pọ̀, tí wọ́n fi agbára òkùnkùn rán ejò sí ilé owó, ejò náà ló sì gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ejò o! Ejò tí kì í ná owó, tí kì í ra aṣọ, tí kò ní ọmọ tó ń lọ iléèwé. Níbòmíràn, òṣìṣẹ́ mìíràn ní jàǹbá ọkọ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí òun, káàdì tó tó mílíọ̀nù 23 náírà sì jóná mọ́ inú mọ́tò.

Gbogbo Nàìjíríà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú. Sẹ́nétọ̀ Shehu Sani kó àwọn apejò lẹ́yìn, ó di olú ilé-iṣẹ́ JAMB ní Bwari, ó ní kí wọ́n bá òun pe ejò náà jáde kí ó pọ owó ìlú. EFCC tí àmì wọn jẹ́ ẹyẹ idì náà dá sí i, wọ́n ní idì kì í ṣàánú ejò tó bá ń gbé owó mì. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni ẹjọ́ tẹ̀lé e. Lọ́dún 2019 EFCC kó obìnrin náà àti àwọn mìíràn lọ sílé ẹjọ́ ní Àbújá, ó sì sọ fún adájọ́ pé òun kò jẹ̀bi.

Ohun tó yẹ kí àwọn ọlọ́jà fi sọ́kàn nínú ìtàn yìí kọjá ejò. Láàrin ọdún 2010 sí 2016, gbogbo owó tí JAMB dá padà sápò ìjọba àpapọ̀ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 51 náírà lọ. Lọ́dún 2017 nìkan, àjọ kan náà dá ó kéré tán bílíọ̀nù 5 náírà padà. Ọmọ kan náà ló ń ṣe ìdánwò, ìyá kan náà ló ń sanwó. Kí ló wá yàtọ̀? Kò sí ìbọn, kò sí ọlọ́pàá tó fọ́ ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé nìkan ni wọ́n yí padà, tí ọ̀gá tó wà nídìí rẹ̀ sì gbà pé kí wọ́n ka ohun tó wọlé. Èyí tó tún dùn mọ́ ìyá nínú jù ni pé, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ìjọba fọwọ́ sí i kí owó fọ́ọ̀mù sọ̀ kalẹ̀ láti 5,000 sí 3,500 náírà. Òótọ́ ni pé owó náà ti tún gorí lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n ọdún mélòó ni ìjọba máa ń dín owó kù fún mẹ̀kúnnù nílẹ̀ yìí?

Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Àwọn oníjìbìtì náà ò sùn. Lọ́dún 2025, ìgbìmọ̀ tí JAMB gbé kalẹ̀ láti wo màgòmágó inú ìdánwò jábọ̀ pé ọ̀nà 4,251 ni wọ́n ti rí ibi tí wọ́n ti da ìtẹ̀ka ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò pọ̀ mọ́ ti ẹni tí wọ́n háyà láti bá a ṣe é. Wọ́n rí 190 tí wọ́n fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń ronú bí ènìyàn pa ojú méjì pọ̀ di àwòrán kan. Àwọn 1,878 sì pe ara wọn ní àfín nígbà tí wọn kì í ṣe àfín. Òbí ló ń sanwó fún ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa.

Ẹ̀rọ náà sì lè ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 kan náà, èsì ìdánwò jáde, àwọn ọmọ tó mọ̀wé já bọ́ bí ẹni wọ́n yìnbọn fún. Ariwo ta. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé kọ̀ǹpútà tó ń ka èsì ní apá ibì kan ò gba àtúnṣe tí àwọn tó kù gbà. Ọmọ 379,997 ló kàn, ní ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ Ìgbò márààrún. Ìbàdàn kò sí nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olóyèdé jókòó níwájú àwọn akọ̀ròyìn, ó jẹ́wọ́, ó tọrọ àforíjì, ó sì bú sẹ́kún. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà tún un ṣe. Àwọn kan fi ẹkún yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ní ìlú tí aláṣẹ kì í ti í jẹ́bi láé, ẹni tó sunkún jẹ́wọ́ sàn ju ẹni tó pe ejò lọ.

ÀWỌ̀ NÁÍRÀ ṢÍ, ỌJÀ DÁKẸ́

Bí ọ̀rọ̀ JAMB ṣe dùn ún gbọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ti náírà korò.

Muhammadu Buhari, tó di olóògbé lọ́dún 2025, yí náírà padà lẹ́ẹ̀mejì láyé rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ lọ́dún 1984, nígbà tó jẹ́ ọ̀gágun, tí òun àti Tunde Idiagbon ń fi kóbókò kọ́ ìlú ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Ìjọba ní àwọn tó kówó ìlú jẹ ti kó náírà sọdá ẹnubodè. Wọ́n ti ẹnubodè pa, wọ́n pa àwọ̀ owó dà, wọ́n fún aráàlú ní ọjọ́ díẹ̀ péré láti pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn ìyá tó ti ń tajà nígbà yẹn ṣì lè sọ bí oòrùn ṣe pa wọ́n lórí ìlà. Ẹ̀rọ kankan ò sí nídìí rẹ̀ ju ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ.

Ẹ̀ẹ̀kejì dé lẹ́yìn ọdún méjìdínlógójì. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Godwin Emefiele, tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, kéde pé igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà àti ẹgbẹ̀rún náírà yóò pa àwọ̀ dà. Ó ní nínú tírílíọ̀nù 3.23 náírà tó wà níta, tírílíọ̀nù 2.73 ni kò sí ní báńkì kankan. Ó ní ayédèrú owó pọ̀, àwọn ajínigbé sì ń fi owó ọwọ́ gba ìràpadà. Ìdìbò ọdún 2023 náà ń bọ̀, ìjọba sì ní òun fẹ́ gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú tó ń fi àpò owó ra ìbò. Kí kálukú máa lo ẹ̀rọ, kí owó máa rìn níbi tí ojú ti lè tó o.

Kò sí ọlọ́gbọ́n tó máa sọ pé èrò yẹn burú. Owó tó bá gba orí ẹ̀rọ kọjá, ipasẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀. Láti oṣù Kejì ọdún 2014 ni báńkì ti ń tẹ̀ka fún aráàlú, tí wọ́n ń fún wọn ní nọ́ńbà BVN, kí ẹnì kan má baà máa fi orúkọ mẹ́wàá ṣí àkáǹtì mẹ́wàá. Lọ́dún 2015 ìjọba àpapọ̀ kó owó àwọn iléeṣẹ́ rẹ̀ tó fọ́nká sí báńkì lóríṣiríṣi pa pọ̀ sínú àpò kan ṣoṣo ní Báńkì Àpapọ̀. Ó ti wà lọ́nà. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé wọ́n gba káàdì àtijọ́ lọ́wọ́ ìyá kí wọ́n tó tẹ tuntun tán.

Wọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ni owó àtijọ́ yóò kú. Wọ́n tún sún un di ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Aráàlú kó owó lọ sí báńkì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí. Wọ́n dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì láti gba tuntun, báńkì ní kò sí. Ẹ̀rọ tó ń pọ owó gbẹ bí odò ọ̀gbẹlẹ̀. Wọ́n sá lọ sórí fóònù, gbogbo Nàìjíríà sì sá lọ sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ báńkì dákú. Owó á kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó fi í ránṣẹ́, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí, á há sójú ọ̀nà fún ọjọ́ mélòó kan. Tòmátì ò mọ̀ pé aláàtì ò tíì wọlé. Ó ń rà ní tirẹ̀. Ẹja tútù ò mọ ìyẹn náà.

Nígbà náà ni P.O.S. abẹ́ agboòrùn di ọba. Ẹni tó bá fẹ́ gba 10,000 náírà lọ́wọ́ á san 2,000, níbòmíràn 3,000. Wọ́n ń fi owó ra owó! Alágbàṣe tó bá gba iṣẹ́ ọjọ́ kan, ìdá márùn-ún owó iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ kó tó ra gààrí. Ó yẹ ká sọ òótọ́ nípa àwọn ọmọ P.O.S. náà: àwọn mìíràn ra owó yẹn ní ọ̀wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn gíláàsì báńkì. Àwọn mìíràn kàn rí ibi tí ìyá ti ń sunkún ni, wọ́n gbé igbá sábẹ́ omi ojú rẹ̀. Ní Òṣogbo, àjọ ICPC mú òṣìṣẹ́ báńkì kan, wọ́n ní wọ́n kó owó tuntun sínú ẹ̀rọ láì tú bébà tí wọ́n fi dì í, kí ẹ̀rọ má baà lè pọ̀ ọ́. Ètò tí wọ́n ní yóò pa ìwà ìbàjẹ́ ló bí ìwà ìbàjẹ́ tuntun yìí, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún náà, àwọn ọ̀dọ́ jáde sí títì n'Ìbàdàn, wọ́n dáná sun táyà, ọ̀nà dí. Àwọn ìpínlẹ̀ kan gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí wọ́n máa ná owó àtijọ́ títí di òpin ọdún 2023. Nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá, wọ́n ní kí wọ́n máa ná an lọ títí di ìgbà mìíràn. Ìdìbò ààrẹ ti kọjá kí ìdájọ́ náà tó dé, tòmátì sì ti rà tán.

Bí ayé ṣe ń yí: lọ́dún 2024, EFCC gbé Emefiele fúnra rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ náírà tuntun yẹn. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó fọwọ́ sí i kí wọ́n ná bílíọ̀nù 18.96 náírà láti tẹ owó tí iye rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 684.5 náírà. Ó ní òun kò jẹ̀bi.

Ohun kan kù síbẹ̀ o. Nígbà tí owó ọwọ́ padà dé, àwọn ọlọ́jà ò kúrò lórí fóònù mọ́. Ìyá tí kò fẹ́ gba aláàtì tẹ́lẹ̀ ti kọ́ ọ ní túláàsì. Fúlàkanáísà gbé nọ́ńbà àkáǹtì kọ́ sára ẹ̀rọ ìfátáyà, aránṣọ kọ tirẹ̀ sára ògiri. Ìyà ló kọ́ wọn, kì í ṣe ìjọba.

ẸNI TÓ DI KÁÀDÌ MÉJÈÈJÌ MÚ

Ẹni tó bá rò pé ẹ̀rọ nìkan tó láti lé olè, kí ó wo ọ̀rọ̀ Abdulrasheed Maina. Lọ́dún 2010 ni wọ́n gbé e sípò olórí ìgbìmọ̀ tí yóò tún ètò owó ìfẹ̀yìntì ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó fi ẹ̀rọ tẹ̀ka fún àwọn àgbà tó fẹ̀yìn tì, kí wọ́n lè yọ orúkọ àwọn òkú àti àwọn tí wọn kò bí rí kúrò. Ó yọ wọ́n lóòótọ́, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Àmọ́ òun ló ń ka orúkọ, òun ló ń mọ iye tó kù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá dá a lẹ́bi lórí owó ìfẹ̀yìntì tó lé ní bílíọ̀nù 2 náírà, adájọ́ sì ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 8. Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ikú kó yẹrí. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tó wà nídìí owó àwọn àgbà yẹn, igún ni.

Bẹ́ẹ̀ náà sì ni wọ́n máa ń ṣe é tí wọn yóò fi da olóòótọ́ pọ̀ mọ́ olè. Ọmọ tó bá gbé kọ̀ǹpútà kọ́ apá, tó ń kọ́ iṣẹ́, tó ń tún fóònù ṣe, ojú ọmọ Yahoo ni wọ́n fi ń wò ó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, EFCC ya wọ ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lóru, wọ́n kó bíi àádọ́rin ọmọ. Ariwo tó tẹ̀lé e ló mú kí Ọlá Olúkòyédé, alága àjọ náà, pàṣẹ pé kí wọ́n má yọ́ lọ mú ènìyàn lóru mọ́. Ìtòsí Pólì ni Ẹlẹ́yẹlé wà, olú ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì wà nínú Ẹlẹ́yẹlé gan-an. Kò sí ìyá kan níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà lu jìbìtì wà, wọ́n sì pọ̀, kí ìjọba mú wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń bá gbogbo ọmọ tó mọ ẹ̀rọ lò bí ọ̀daràn, ta ni yóò wá ṣe ẹ̀rọ tí wọn yóò fi mú olè?

Àwọn ọmọ P.O.S. náà ti wá ń gba tiwọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ ní ẹnì kan kò gbọdọ̀ gba ju 100,000 náírà lọ lóòjọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, wọ́n tún ní kí wọ́n so ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ́ ojú ibi tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sí, kí ó má kúrò níbẹ̀ ju ìwọ̀n mítà mẹ́wàá lọ. Ó dára, nítorí àwọn ajínigbé àti oníjìbìtì ń lo P.O.S. Àmọ́ ẹni tó mọ Ẹlẹ́yẹlé mọ̀ pé bí òjò bá dé, tàbí bí àwọn tó ń lé ọlọ́jà kúrò lójú títì bá dé, agboòrùn á gbéra. Kò sí mítà mẹ́wàá nínú eré àsápajúdé.

KÁÀDÌ TÓ TỌ́ SÍ ÌYÁ

Ẹ padà sí oríta, lọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja. Ìjọba mọ iye tó wọ àkáǹtì rẹ̀. Wọ́n mọ nọ́ńbà BVN rẹ̀, wọ́n mọ ìtẹ̀ka rẹ̀, wọ́n mọ fóònù rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ mọ ojú ibi tí P.O.S. tó ń lò jókòó sí. Káàdì tirẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ìjọba pátápátá. Èwo ni ti ìjọba tó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ó ń san owó ọjà, ó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì pélébé kan tí òjò lè fọ̀ dànù. Iye tí wọ́n pa lọ́jà lóṣù, iye tí wọ́n fi kó gọ́tà, kò sí ẹni tó fàlà kankan fún un.

Òfin kan wà tí àwọn ọlọ́jà ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ààrẹ Goodluck Jonathan ló fọwọ́ sí i lọ́jọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2011. Ó fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láṣẹ láti béèrè ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, láì sọ ìdí tó fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún iléeṣẹ́ náà láti dáhùn. Bí wọ́n bá kọ̀ láìnídìí, ilé ẹjọ́ wà, owó ìtanràn 500,000 náírà sì wà nínú òfin náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún àwọn ìpínlẹ̀ kan ń sọ pé òfin yẹn ò kan àwọn, pé ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ kan tó wá láti ìpínlẹ̀ Edo, wọ́n ní ó kan gbogbo wọn, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ní àjọ tirẹ̀ tó ń gbógun ti ìwà àjẹbánu, OYACA, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2020, tí ẹni tó bá rí màgòmágó lè kọ̀wé sí.

Ìwé kan tó béèrè iye tí ìjọba ìbílẹ̀ pa lórí tíkẹ́ẹ̀tì ọjà lọ́dún tó kọjá, àti ohun tí wọ́n fi ṣe, kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja lè kọ ọ́, ẹgbẹ́ aránṣọ lè kọ ọ́, ẹgbẹ́ mẹkáníìkì lè kọ ọ́. Ọmọ tó wà ní Pólì lè bá ìyá rẹ̀ kọ ọ́ lórí fóònù kan náà tó ń gba aláàtì. Bí kò bá sì sí ọmọ nítòsí, tí ìyá náà ò mọ̀wé, òfin ní kí ó lọ fi ẹnu sọ ọ́ ní ọ́fíìsì náà, kí akọ̀wé tó jókòó síbẹ̀ mú bírò, kí ó kọ ohun tí ìyá bá béèrè sílẹ̀.